Àkísà Pupa Ọrùn Sílíńdà

Ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ jù nínú ikùn, rírà ló ń rà, kì í tán. Mátíù, panápaná ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ọ̀kan sínú láti ọdún 1987, ó gbé e títí ó fi ń ṣe é bí ẹni pé òórùn rẹ̀ ń jáde lẹ́nu òun bí òun bá ń kí ènìyàn. Ọdún keje rẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, bí ó ti ń wọ bàtà láti lọ sí Ọ̀yọ́, ó wí fún Àbíkẹ́ aya rẹ̀ pé, "Òní ni mo máa sọ ọ́. N ò ní gbé e padà wọ ilé yìí mọ́." Àbíkẹ́ kò béèrè pé kí ni. Kì í ṣe pé ó mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń bá ọkùnrin sùn mọ ìgbà tí ẹrù ń wúwo lórí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fọlábí, ẹni tí èébì bá gbé kì í wo ojú àlejò. Ẹ lọ bì í. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, oko ṣì wà ní Ìkòyí-Ilé."

Bẹ́ẹ̀ ni Mátíù ṣe wọkọ̀ ní Takie, nítòsí ilé-iṣẹ́ panápaná wọn. Jálẹ̀ ọ̀nà ni awakọ̀ ń dápàárá, tí àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, òun kò bá wọn dá sí i. Ó di ìpinnu rẹ̀ mú bí ẹni di ẹyin mú: kò gbọdọ̀ jábọ́, kò sì gbọdọ̀ fún un fọ́.

Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ti kó àwọn rìkúrúùtì panápaná, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, jọ sábẹ́ igi máńgòrò kan láti kọ́ wọn bí a ṣe ń dojú kọ gáàsì olóró. Mátíù ni olùkọ́ wọn. Wọ́n fi í ṣe olùkọ́ nítorí pé akọni ni wọ́n kà á sí: òun ni wọ́n ní ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde nínú gáàsì nígbà tí afẹ́fẹ́ ìmí inú sílíńdà tí òun gan-an gbé sẹ́yìn ti tán. Ọ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mìkáílù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ ilé àwọn afíngbá. Gáàsì ti jó ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, iṣẹ́ panápaná ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti padà sídìí igbá fínfín bí bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba rìkúrúùtì tuntun, wọn á ránṣẹ́ pè é kí ó wá fi ara rẹ̀ ṣe àríkọ́gbọ́n fún wọn. Kì í sì í kọ̀.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ ti igi. "Ẹ wò mí dáadáa," ó wí, ó sì dúró mí kí ó tó máa bá a lọ. "Èmi ni Mìkáílù tí wọ́n ń sọ fún yín. Mo yọ ìbòjú tí mo fi ń mí nínú gáàsì. Kò sẹ́ni tó rán mi. Díẹ̀ ló kù kí n fi pa olùkọ́ yín yìí mọ́ ara mi. Ẹ má ṣe bíi tèmi."

Àwọn rìkúrúùtì ń wo ara wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rín pamọ́. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ náà kí wọ́n tó rí olórúkọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí panápaná kan bá gbàgbé okùn bàtà rẹ̀ lásán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á pariwo pé, "Ó tún ti ṣe Mìkáílù!" Ọ̀kan nínú àwọn rìkúrúùtì náà tí ń jẹ́ Mubaraq nawọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Kí ló wá dé gan-an tí ẹ fi yọ ọ́? Àbí imú ló ń yún yín?"

Ẹ̀rín ta. Mìkáílù náà bá wọn rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ dá, ó ní, "Àbúrò, n ò mọ̀. N ò rántí. Bí mo bá jókòó ti igbá, nígbà mìíràn màá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, màá ní, ìwọ Mìkáílù, kí lo rí tí o fi yọ ọ́? N ò tíì rí èsì."

"Kò lè rí èsì," ni Mátíù wí, ó sì dìde. "Kò yọ ọ́."

Ọ̀gá Akínpẹ̀lú, tó ti jẹ́ olórí àwọn méjèèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́, wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbójú sókè. "Mátíù, kí lo wí?"

"Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bá mi wí. Bí ẹ bá dá mi dúró, n ò mọ̀ bóyá màá tún lè bẹ̀rẹ̀."

Bí ó ṣe tò ó fún wọn nìyí, kò fi iyọ̀ sí i, kò sì yọ iyọ̀ kúrò. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, Mátíù ń fẹ́ Àbíkẹ́ sọ́nà, àwọn àna rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé sì ní kí ó wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún àwọn. Ẹ mọ ọ̀wẹ̀ àna. Ẹlòmíràn á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ kọ ebè fún bàbá ìyàwó, ẹlòmíràn á lọ bá wọn bo ilé. Ti Mátíù, kànga ni wọ́n fi hàn án. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, kànga ilé ti gbẹ, ó ń fẹ́ gbígbẹ́ sí i, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ burúkú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ àtùpà sí i, àtùpà á kú. Àwọn agbẹ́kànga wọ̀ ọ́ dé ìdajì, wọ́n sáré jáde, wọ́n ní àwọn ò ta ẹ̀mí àwọn. Bàbá Àbíkẹ́ wo Mátíù látòkè délẹ̀. "Ọkọ Àbíkẹ́," ó ní, "wọ́n ní iná lẹ máa ń bá jà. Ṣé kànga ò ní ju ẹ̀yin lọ?"

Ojú àna kì í ṣe ojú ẹgbẹ́ ẹni. Mátíù gbọ́ ara rẹ̀ tó ń dáhùn pé, "Bàbá, ibi tí afẹ́fẹ́ ò bá sí, tiwa la máa ń gbé lọ." Nígbà tó tún di ọjọ́ tí òun nìkan ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́, ó mú ẹ̀rọ ìmí kan, ìyẹn sílíńdà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìbòjú rẹ̀, ó tì í sínú àpò gàrí, ó gbé e lọ sí Ìkòyí-Ilé.

"Mo wọ kànga náà, mo gbẹ́ ẹ, omi sun," Mátíù sọ fún àwọn rìkúrúùtì. "Bí mo bá dúró níbẹ̀, bóyá ọ̀ràn náà ì bá má tó báyìí. Ṣùgbọ́n oríyìn wọ̀ mí lórí. Wọ́n ń kígbe 'Ọkọ Àbíkẹ́! Ọkọ Àbíkẹ́!' Mo tún wọ̀ ọ́ nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan mọ́ níbẹ̀, kí àwọn tí kò tíì rí mi lè rí mi. Bàbá àna mi ní kí n jẹ́ kí òun náà dán ìbòjú wò. Mo fi bò ó lójú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dùbúlẹ̀, wọ́n ní Bàbá di ìgbín. Àna kékeré gbà á, àna ńlá gbà á. Afẹ́fẹ́ tí à ń tọ́jú de ọjọ́ ikú, mo fi ṣe àwàdà."

Ní ilé-iṣẹ́ wọn, àṣà kan wà. Sílíńdà tó bá kún, ọrùn rẹ̀ kì í ní nǹkan kan. Èyí tí a bá ti lò, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan péré, àkísà pupa la ó so mọ́ ọn lọ́rùn, kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e dé Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń rọ afẹ́fẹ́ sí i. Mátíù gbé sílíńdà dé, ó wo géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti sọ̀ kọjá ìdajì dáadáa. Ó mú àkísà pupa. Ó so ó. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé Ọ̀gá Akínpẹ̀lú á béèrè pé ta ló lò ó, níbo, nítorí iná wo. Ó tú u. Ó gbé sílíńdà kọ́ sáàárín àwọn tó kún, ó fọkàn sí i pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń lọ sí Ìbàdàn, òun á jí i mọ́ àwọn tó ń lọ.

Kí ọkọ̀ tó lọ, gáàsì jò. Ibi kékeré kan ni, ní ẹ̀yìn ìlú, tí wọ́n ti ń pa kòkòrò inú omi kí ó tó gba páìpù lọ. Ọrùn ọ̀kan nínú àwọn sílíńdà kẹ́míkà wọn ló dípẹtà tó là. Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọlé tọ àwọn panápaná wá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Ẹ gbà wá o! Èéfín kan ń jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ewédò! Ó ń gbá mọ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àwọn adìyẹ ń kú!"

Ibẹ̀ ni Mátíù ti yíjú sí àwọn rìkúrúùtì. "Ẹ fetí sílẹ̀ síbí yìí, nítorí ohun tí Ọ̀gá wa ṣe lọ́jọ́ yẹn dára. Èmi nìkan ni mo bà á jẹ́."

Ọ̀gá Akínpẹ̀lú kò jẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Igi gańgańran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó bu erùpẹ̀, ó dà á sílẹ̀ láti mọ apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ó ní kí wọ́n yí ọkọ̀ po gba orí òkè, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn lọ sọ́dọ̀ gáàsì, nítorí gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: ilẹ̀ ló ń rá mọ́, kòtò àti ìsàlẹ̀ ló ń wá lọ. Ó rán àwọn kan sí àwọn ilé ìsàlẹ̀ kí wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò. Ó ní kí wọ́n má bá atẹ́gùn sáré lọ tààrà, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, kí wọ́n gòkè. Ìyá àgbà kan di ìkòkò irú rẹ̀ mú, ó ní òun ò fi í sílẹ̀. Ọ̀gá pariwo sí i láti òkèèrè pé, "Ìyá, irú á dúró dè yín! Ẹ̀dọ̀fóró yín ò ní dúró!" Àwọn èrò ń kígbe pé, "Ẹ da omi sí i! Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?" Ọ̀gá ní omi kò gbọdọ̀ kan sílíńdà tó ń jò náà, pé bí omi bá pàdé gáàsì yẹn, ásíìdì ni yóò dà, á jẹ irin, ihò á fẹ̀ sí i. Omi tí wọ́n lò, wọ́n ń fọ́n ọn bí ìrì sáàárín gáàsì àti àwọn ilé, kí ó lè gba gáàsì mú lójú ọ̀nà.

Méjì ló máa ń wọlé, kì í ṣe ẹnìkan. Àwọn méjì mìíràn á múra dúró níta. Mátíù àti Mìkáílù ni wọ́n yàn. Òfin sì ni pé kí ẹ̀dá kan tó wọ inú gáàsì, ẹnìkejì rẹ̀ á wo géèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á pe ohun tó rí síta, nítorí ojú ẹni kì í rí ẹ̀yìn ẹni. Mìkáílù ka ti Mátíù. "Ó kún!" Ó yí ẹ̀yìn padà kí Mátíù ka tirẹ̀.

"Mo rí amọ̀," Mátíù wí. "Amọ̀ pupa kànga Ìkòyí-Ilé ṣì wà ní ìdí sílíńdà náà. Nínú ìkánjú, òun ni Mìkáílù mú. Mo wo géèjì, mo rí ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Ọ̀gá ń wò mí. Èrò ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: 'Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.' Ohun tí wọ́n á ṣe kò ní ju pé wọ́n á bi mí léèrè lọ. Ẹnu mi là, mo ní, 'Ó kún!'"

Mìkáílù, tó wà lórí ìdúró, fi ẹ̀yìn ti igi, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ jókòó.

Wọ́n wọlé. Wọ́n yí sílíńdà kẹ́míkà náà po kí ojú ihò lè kọjú sókè, nítorí bí ihò bá wà nísàlẹ̀, omi gáàsì ni yóò máa tú jáde, ó sì burú ju èéfín rẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi irin àti nọ́ọ̀tì dí ojú ihò náà. Iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì tí fèrè ẹ̀rọ ìmí Mìkáílù fi ké. Fèrè yẹn kò ní ìtumọ̀ méjì: afẹ́fẹ́ ń tán lọ, kí ẹ̀yin méjèèjì jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mìkáílù fọwọ́ kàn án léjìká, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mátíù júwọ́ sí i pé kí ó dúró, ó kù díẹ̀. Ó rò pé bí àwọn bá jáde báyìí, wọn á bi àwọn léèrè ìdí tí fèrè fi tètè ké. Mìkáílù dúró. Ọ̀rẹ́ ló sọ pé kó dúró. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tán, tí ó ń fa ìmí tí kò sí, gáàsì ń gba etí ìbòjú wọlé sí i. Ó wó. Mátíù wọ́ ọ jáde, ó fa ìbòjú kúrò lójú rẹ̀ kí ó lè mí, àwọn tó ń dúró níta sáré gbà á. Àwọn obìnrin ti gbé epo pupa dé, wọ́n fẹ́ dà á sí i lẹ́nu. Ọ̀gá lé wọn, ó ní ẹni tí kò jí kì í gbé nǹkan mì, afẹ́fẹ́ mímọ́ àti omi fún ojú òun ara ló ń fẹ́. Wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

"Nígbà tí àwọn méjì tó múra níta ti wọlé dí ihò náà tán, gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ," Mátíù wí. "Èmi ní màá dúró kó ẹrù. Mo mú sípánà. Mo tú sílíńdà tó wà lẹ́yìn mi, tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, mo fi sára ẹ̀rọ Mìkáílù. Mo tú èyí tó ti tán, mo fi sára tèmi. Mo nu amọ̀ náà nù. Nígbà tí Ọ̀gá padà dé tó béèrè, mo ní Mìkáílù ló yọ ìbòjú fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wo géèjì, ó rí i pé afẹ́fẹ́ wà nínú tirẹ̀, kò sí nínú tèmi. Ó gbà mí mọ́ra, ó ń sunkún. Báyìí ni mo ṣe di akọni. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa nínú aṣọ funfun, mo jó ọpẹ́ dé iwájú pẹpẹ, àwọn èèyàn ń pariwo halelúyà lé mi lórí."

Ọ̀gá Akínpẹ̀lú ti ṣí fìlà, ó fi bo ojú. Mátíù kò dúró.

"Ẹ ó rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù. N ò tíì sọ ọ́. Nígbà tí Mìkáílù lajú ní ọsibítù, kò rántí nǹkan kan. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, 'O yọ ìbòjú.' Ó ní, 'Èmi? Háà, Mátì. Mo fẹ́ pa ẹ́. Jọ̀ọ́, forí jì mí.' Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Èmi, olè tó jí ìmí rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, 'Mo ti forí jì ẹ́.'"

Ó tún kọjú sí àwọn rìkúrúùtì. "Ẹ̀yin ọmọdé, atẹ́gùn, òkè, omi, ẹni méjì, gbogbo ìyẹn lẹ ó kọ́, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ẹnìkejì yín, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ pè. Ìtìjú á pa yín fún ọjọ́ kan, ẹ ó sì jí. Bí fèrè bá ké, ẹ jáde, ì báà jẹ́ pé sípánà ti wà lójú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ kan, ẹ so àkísà pupa, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè."

Mubaraq tẹ orí ba. Mìkáílù ṣì wà nílẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọ̀bẹ igbá ti mú le. "Mátì," ó ní jẹ́jẹ́, "tún un sọ."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Èyí tí o kọ́kọ́ sọ."

"O ò yọ ìbòjú rẹ."

"N ò yọ ọ́," Mìkáílù wí fún ara rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn rìkúrúùtì. "Ṣé ẹ gbọ́? N ò yọ ọ́." Nígbà tí Mátíù fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ dá a dúró. "Kì í ṣe ibí. Àwọn yìí kọ́ ló ń jìyà nítorí mi. Wá sọ ọ́ fún Mùjídàt ìyàwó mi."

Ọ̀gá Akínpẹ̀lú ní kí Mátíù ṣí fìlà iṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la, òun náà á sì lọ sọ ohun tí òun kùnà láti yẹ̀ wò. Mátíù ṣí i, ó gbé e lé àga. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ fúyẹ́.

Ọ̀nà ilé Mìkáílù kò jìn, síbẹ̀ wọ́n dúró léraléra kí ó lè mí. Mùjídàt, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ lẹ́nu ọ̀nà, èépá igbá ká ibẹ̀ kiri. Obìnrin yìí ló ti gba ẹrù ilé rù láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bí àìní bá dé, kì í bú u, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa ń sọ: "Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, kì í ṣe èmi." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Mìkáílù fi ń sùn, òun ló fi ń jí.

Mátíù dúró lórí ẹsẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, láti orí kànga títí dé ọsibítù. Ọwọ́ Mùjídàt dúró lórí atẹ. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ó ń retí èébú, ó ń retí kí wọ́n gbé odó lù ú. Mùjídàt kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó ti atẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀wà dà nù, ó rákò dé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Kareem," ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ forí jì mí. Ohun tí ẹ ò ṣe ni mo ń fi gún yín lára láti ọjọ́ yìí."

Ìgbà náà ni ó yé Mátíù bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó. Ó ti gùn ju kànga lọ, ó ti wọ inú ilé onílé lọ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò ṣẹ ara wọn. Ó na gbalaja sórí ilẹ̀, nínú ẹ̀wà àti èépá igbá. "Ìyá Kareem, ẹ dìde! Ìkúnlẹ̀ yẹn kì í ṣe tiyín. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Mìkáílù, mo ṣẹ̀ ẹ́, mo ṣẹ ilé rẹ. Màá dé Takie, màá sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Forí jì mí."

Mìkáílù fa ìyàwó rẹ̀ dìde. "Mátì," ó ní, "o fún mi ní àforíjì kan ní ọsibítù. Kọ́kọ́ gbà á padà ná. Kì í ṣe tèmi."

Mátíù kò gbé ojú kúrò nílẹ̀. "Mo gbà á padà."

"Ó dáa." Mìkáílù wá ibi jókòó lórí àpótí ìfíngbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ di àyà, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. "Ó wá ku tèmi tí mo máa fún ẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná."